Ohùn Rodiat Lẹ́nu Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná

Kí la ti mọ̀ nípa àwọn akọni inú fíìmù, àwọn tó ń wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, tí wọ́n ń fò lójú sánmà bí àṣá? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.

A mọ̀ pé ìbọn kì í wọlé sí wọn lára. A mọ̀ pé wọ́n lè fi ọwọ́ kan gbé tírélà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà nílé yín mọ̀ ọ́n jù wá lọ: ó ti so ìró ìyá rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó ti fò láti orí tábìlì, ó sì ti fi ẹnu gbálẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì kíyè sí ni pé àwọn tó ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ń yí ọwọ́ padà. Wọ́n ti ń fi akọni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ hàn wá. Ẹni tó lè gbé tírélà, àmọ́ tí kò lè gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn. Ẹni tí ọ̀tá kò lè pa, tí ìdákẹ́jẹ́ sì ń pa lọ díẹ̀díẹ̀, títí ẹnì kan á fi wá jókòó tì í.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kan ló da ayé Rodiat rú. Fíìmù náà kò jẹ̀bi o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó jẹ̀bi. Bóyá ẹ ó tilẹ̀ rí ju ẹnì kan lọ.

Aránṣọ ni Rodiat ní Ọjà-Ọ̀dàn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Lọ́jọ́ ọjà, òun ló ń kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “A rí ewúrẹ́ dúdú kan he o! Ẹni tó ni ín kó wá!” Èèyàn tó bá wà nídìí àgbàdo lápá kejì ọjà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Rodiat ti dé.”

Ohùn yìí ni Lukman fi ń ṣiṣẹ́. Lukman ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí gáréèjì, níbi tí wọ́n ti ń kó fíìmù sórí fóònù fún èèyàn. Àmọ́ òun kì í kàn kó o bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yọ òyìnbó ẹnu wọn kúrò, á fi Yorùbá rọ́pò rẹ̀. Òun ni gbogbo ọkùnrin inú fíìmù, Rodiat ni gbogbo obìnrin.

Ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn fíìmù Lukman ni àpárá. Akọni á balẹ̀ láti ojú sánmà, á béèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí l'Ọ́jà-Ọ̀dàn. Ọ̀dájú tó fẹ́ pa ayé run á ní òun ìbá ti tètè dé, kòtò ojú ọ̀nà Ìlárò ló ba ọkọ̀ òfurufú òun jẹ́. Àwọn èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ẹ fi àpárá yẹn sọ́kàn, a máa padà sídìí rẹ̀.

Inú agbo ilé kan náà ni Rodiat àti Lukman ti dàgbà. Lukman fi ọdún mẹ́fà jù ú. Òun ló máa ń gbé e kọ́rùn lọ sílé kéú nígbà òjò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wọ ẹrẹ̀. Rodiat kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, Lukman ló ń nàka sí.

Nǹkan kan tún wà nípa ṣọ́ọ̀bù náà. Fìlà. Bí iṣẹ́ bá ti parí, Lukman á ṣí fìlà rẹ̀, á fi kọ́ orí máìkì, á ní, “Fìlà ti débẹ̀. Ẹnu yín ti di tiyín.” Ìgbà náà ni wọ́n tó ń sọ ọ̀rọ̀ ilé, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Bí fìlà kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ húkọ́.

Ní oṣù kan ṣáájú kí wọ́n so yìgì Rodiat àti Abdulfatah àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Lukman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fíìmù tuntun kan. Obìnrin tí mọ̀nàmọ́ná ń kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni akọni inú rẹ̀. Lukman sọ ọ́ ní Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná.

Wọ́n ṣe é dé ibì kan. Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná ti ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìlú ń jó, wọ́n ń kàn án lẹ́kùn, kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò lágbára kankan, tí kò lè fò, wá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò kàn án. Ó kàn jókòó ni.

Ohun tí Lukman kọ fún Rodiat pé kó kà níbẹ̀ ni: “Ó rẹ̀ mí. Ẹ fi mí sílẹ̀.”

Rodiat kà á. Ó tún un kà. Ìgbà kẹta, ohùn kò jáde mọ́. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lukman dìde, ó ṣí fìlà, ó fi kọ́ orí máìkì. “Rodi, kí ló dé? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Ṣé Abdulfatah ni?”

“Kì í ṣe òun.”

“Kí wá ni? Èmi náà mà rèé.”

Ọdún mẹ́ta ni Rodiat ti fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Agbo ilé mọ̀ pé ó lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Lukman wà ní Kútọnu nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́. Kò sí àǹtí kankan l'Ábẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn ni Rodiat wà. Mẹ̀dínátù ìyá rẹ̀ àti ẹni tó bá wọn wá mọ́tò nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná wà níwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ká jọ sórí ibùsùn, ẹnì kan sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fìlà wà lórí máìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í. Bí ẹ̀yin bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ ò ní sọ̀rọ̀?

Ó sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, oòrùn á máa ràn, èmi ò ní rí i. Òkùnkùn ọ̀sán ni mo máa ń pè é. Gbogbo ayé ń rìn nínú ìmọ́lẹ̀, èmi nìkan ni ilẹ̀ ti ṣú bá. Lọ́jọ́ tó le jù, wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà, sáàárín ìyá mi àti ọlọ́kadà. Ìyá mi fi ìborùn so mí mọ́ àyà wọn bí ọmọ ọwọ́, kí n má baà já bọ́. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! Mò ń gbọ́ tí àyà wọn ń lù mí lẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé bí àyà yẹn bá ṣì ń lù, kí èmi náà ṣì máa mí.”

Lukman fa Rodiat mọ́ra.

“Ara rẹ ńkọ́ báyìí?”

“Ó ti yá. Mo ṣì ń lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ṣé Abdulfatah mọ̀?”

“Màmá ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́.”

“Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo fi Àlùkùránì búra.”

Ara Rodiat fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sílé. Ó ń kọrin. Ohun tí fíìmù yẹn ń kọ́ni, pé kéèyàn má dá gbé àárẹ̀ ọkàn rẹ̀, òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá Rodiat yìí. Kí ló dé tó ní kó má sọ ọ́?

Gbogbo wa la mọ ìwádìí. Kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, ẹbí ọkọ á rán èèyàn lọ béèrè. Ìyá Basit, ìyá tó bí Abdulfatah, fúnra rẹ̀ ló ti Ajílété wá pẹ̀lú àgbà mẹ́ta. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè láti ayébáyé: “Ṣé kò sí wèrè nílé yín? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wárápá?”

Mẹ̀dínátù dáhùn pé, “Kò sí.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Rodiat bá ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. “Màmá, ẹ ní kò sí.”

“Kí ni wọ́n bi mí? Wèrè ni wọ́n bi mí. Ṣé wèrè ni ẹ́?”

“Mi ò ya wèrè, ṣùgbọ́n...”

“Ṣùgbọ́n kí ni? Irọ́ wo ni mo wá pa? Kí wọ́n béèrè ohun tó ṣe ẹ́ lórúkọ, kí n sì dá wọn lóhùn. Wọn ò lórúkọ ẹ̀. Jẹ́ ká sinmi.”

Ìyá náà kò purọ́. Kò sì sọ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rodiat fẹ́ sọ ọ́ fún Abdulfatah fúnra rẹ̀. Nígbà kan, ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀: “Òkùnkùn ọ̀sán máa ń bá mi jà nígbà míì.” Abdulfatah ní, “Orí fífọ́ ni yẹn. Oòrùn ọjà ti pọ̀ jù fún ẹ. Máa dé akẹtẹ̀.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀fun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù Lukman.

Lẹ́yìn tí Rodiat lọ, Lukman mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí máìkì. Iná pupa kékeré tó wà lára máìkì ń tàn. Ó ti gbàgbé láti pa á; máìkì ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ Rodiat sílẹ̀.

Lukman fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ èyí nígbà tó yá. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ó ní òun gbé ìka lé ibi téèyàn ti ń pa á rẹ́. Àmọ́ òun ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣá.

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ó gbé e sábẹ́ àwòrán Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná, láti wò ó bó ṣe máa rí. Ó bá a mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń bá ọwọ́ mu. Ọ̀rọ̀ tí Lukman fúnra rẹ̀ kọ wá dà bí èèpo ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kò ní dárúkọ,” ló sọ fún ara rẹ̀. “Ó máa ran èèyàn lọ́wọ́.” Ó mú kí ohùn náà ki díẹ̀. Ó gé Màmá, ó gé dókítà. Nígbà tó dé ibi ọ̀kadà, ó ní ọwọ́ òun kò gbà á láti gé e. Ibẹ̀ ló dùn jù.

Rodiat béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta: “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mi ò lè kà yẹn ńkọ́? Ṣé kí n wá parí ẹ̀?”

“Má ṣèyọnu. Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Ìwọ lọ máa rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ.”

Kí ọjọ́ ọjà kejì tó pé, Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná ti wọ Ìlárò, ó ti dé Ayétòrò, ó ti kọjá bọ́dà. Ṣé ẹ rántí àpárá tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Àwọn tó ń wò ó dé ibi tí Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná ti ń sunkún, tó ń sọ pé wọ́n so òun mọ́ra lórí ọ̀kadà. Wọ́n wò ó pé akọni tó ń fò ni. Wọ́n ní Lukman tún ti dé. Ẹ̀rín sọ.

Ọjọ́ tó burú jù láyé Rodiat di ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé ẹnu bọ́dà.

“Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná!” Bí oníyán ṣe ń kí i nìyẹn lọ́jọ́ ọjà. “Ṣé ẹ fò wá ni àbí ọ̀kadà lẹ gbé?”

Rodiat rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n máa fi orúkọ akọni pè é. Àmọ́ nígbà tó di ẹni kẹrin, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà náà kò yé e mọ́. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń sọ nípa ọ̀kadà?”

Lukman kò gbójú sókè. “Àpárá mi ni. O ò mọ̀ mí ni?”

Ẹni tó bá finú tán èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Rodiat kò wo fíìmù náà. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n so yìgì nígbà tí ẹ̀gbọ́n Abdulfatah, Basit, kó ọmọ jáde l'Ájílété. Rodiat lọ bá wọn ṣiṣẹ́, bó ṣe yẹ kí ìyàwó ọ̀la ṣe. Láti àárọ̀ ló ti ń fọ àwo, tó ń pín oúnjẹ. Inú Ìyá Basit ń dùn ṣìnkìn. “Ẹ wo ìyàwó mi! Ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti ẹ̀yin tí mo bí lọ.”

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Basit fi fíìmù sí i. “Ìyàwó Abdulfatah ló wà nínú ẹ̀ o! Ẹ wá gbọ́ ohùn ìyàwó wa!”

Àwọn èèyàn rọ́ débẹ̀. Ọdẹkúnlé, àbúrò Ìyá Basit, ló jókòó síwájú jù. Kó tó padà sídìí oko, ọ̀kadà ló ń gùn ní ojú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn sí Ayétòrò. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. “Ẹ yẹra lójú mi jàre, orí yín ń bo àǹtí mi mọ́lẹ̀!”

Rodiat ń gbé àwo bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, àwo ìrẹsì mẹ́fà lórí ara wọn, nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

“Òkùnkùn ọ̀sán ni mo máa ń pè é. Gbogbo ayé ń rìn nínú ìmọ́lẹ̀, èmi nìkan ni ilẹ̀ ti ṣú bá...”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Obìnrin òyìnbó ni lójú tẹlifíṣọ̀n, aṣọ rẹ̀ ń kọ mànà. Ohùn Rodiat ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Lukman.

“Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà, sáàárín ìyá mi àti ọlọ́kadà. Ìyá mi fi ìborùn so mí mọ́ àyà wọn bí ọmọ ọwọ́...”

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ igi máńgòrò. Ọdẹkúnlé ń fi ọwọ́ lu itan. “Àǹtí Mọ̀nàmọ́ná lórí ọ̀kadà! Lukman á pa èèyàn! Kí ló ṣe ìyẹ́ apá ẹ̀...”

Ẹ̀rín rẹ̀ gé bí okùn.

“Basit, dá a padà sẹ́yìn.”

“Ẹ̀yin náà ti fẹ́ràn ẹ̀ jù, Bọ̀ọ̀dá.”

“Mo ní kí o dá a padà!”

Basit dá a padà. Ọdẹkúnlé gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ ti yí.

“Èyí kì í ṣe àpárá o. Èmi ni mo gbé wọn. Ó tó ọdún mẹ́ta. Ìyá kan àti ọmọ ẹ̀, mo gbé wọn láti Ọjà-Ọ̀dàn dé Ayétòrò, kí wọ́n tó wọ mọ́tò Abẹ́òkúta. Ìborùn ni ìyá fi so ọmọ mọ́ra, ọmọ tó tó gbé níyàwó! Ó bo orí ẹ̀, mi ò rí ojú ẹ̀. Ìyá ń ké àdúrà Àyátúlì Kúrísíyù sí i létí títí a fi débẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ló wá sọ ọ́ fún Lukman?”

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti gbọ́ ìró kan: àwo tó ń kan àwo, wẹ̀kẹ̀wẹ̀kẹ̀, lọ́wọ́ Rodiat.

Ìyá Basit ló kọ́kọ́ yíjú. “Rodiat. Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n.”

Abdulfatah dìde ní ìdí igi. Kò wo ìyá rẹ̀, kò wo Ọdẹkúnlé. “Òkùnkùn ọ̀sán,” ló sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. “Mo ní orí fífọ́ ni.”

Rodiat gbé àwo sílẹ̀. Kò fọ́ ìkankan. Ó kúnlẹ̀.

“A béèrè,” ni Ìyá Basit wí. “Lójú àgbà mẹ́ta. Ṣé a béèrè àbí a ò béèrè?”

“Ẹ béèrè, Màmá.”

“Kí ni wọ́n sọ fún wa?”

“Wọ́n ní kò sí.”

“Ó wá wà nínú fíìmù! Ọmọ tí mo fẹ́ gbé wọlé, ohun tó ṣe é, ọlọ́jà ń fi ṣe ẹ̀rín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí mo ṣe ya eyín sílẹ̀!”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́...” Abdulfatah gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Rodiat. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Lukman mọ̀. Gbogbo ọjà mọ̀. Fóònù mi yìí gan-an mọ̀, ó ti wà nínú ẹ̀ láti ìjẹta. Èmi tí mo fẹ́ fẹ́ ẹ nìkan ni mi ò mọ̀.”

“Abdulfatah, mo fẹ́...”

“O fẹ́ sọ fún mi. O sọ fún Lukman.”

Ó dìde, ó bọ́ sí ìta.

Ọdẹkúnlé ló gbé Rodiat padà sílé. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan lójú ọ̀nà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Mẹ̀dínátù, ó pa ọ̀kadà, ó ń wo ilẹ̀.

“Má bínú sí mi. Ẹnu mi ló yá jù.” Ó fọwọ́ họ orí. “Lọ́jọ́ yẹn, mo rọra wa ọ̀kadà ni. Mo máa ń ronú nípa ọmọ yẹn, pé ṣé ó yè é. Ó dùn mọ́ mi pé o yè.”

Ìgbà náà ni Rodiat tó sunkún.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù Lukman ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Lukman sáré dìde, ó ń káwọ́ lérí. “Rodi! Mo gbọ́. Ha! Irú kí lèyí? Ta ni kò lè mú ẹnu ẹ̀ dúró yìí?”

Aṣeni-bánidárò. Rodiat lọ sídìí máìkì, ó gbé fìlà kúrò lórí rẹ̀, ó wo iná rẹ̀. Kò tàn.

“Ṣé ó ń gbọ́ wa lónìí?”

Lukman jókòó. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín.

“Mi ò dárúkọ ẹ,” ló ń sọ. “Mo mú kí ohùn ẹ ki. Rodi, mi ò dárúkọ ẹ.”

“Ohùn mi ńkọ́? Ta ló ni ín?”

“Wọn ì bá má mọ̀, bí kì í bá ṣe ọlọ́kadà yẹn.”

“Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi kọ́rùn kọjá ẹrẹ̀. Mo bi yín lọ́jọ́ ọjà, ẹ wo kọ̀ǹpútà, ẹ ní àpárá ni.”

Lukman fi ọwọ́ bo ojú. “Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́, bí mo ṣe rò gẹ́lẹ́. Obìnrin kan pè mí láti Agosasa. Edith lorúkọ ẹ̀. Ó ní ọmọ òun kì í jáde nílé mọ́, wọn ò mọ orúkọ tí wọ́n á pè é. Ọmọ náà wo fíìmù, ó ní, ‘Màmá, òkùnkùn ọ̀sán ló ń ṣe mí.’ Rodi, ṣé o gbọ́? Ìwọ lo fún un lórúkọ.”

Èyí ló dun Rodiat jù, nítorí pé òótọ́ ni. Ohun rere ti jáde nínú rẹ̀, olè ló sì mú un jáde.

“Ká ní ẹ bi mí,” ló sọ níkẹyìn, “bóyá ǹ bá gbà. Bóyá ǹ bá wá kà á fúnra mi, kí n ní kí ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ẹ ò bi mí.” Ó na ọwọ́. “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà obìnrin yẹn.”

Lukman kọ ọ́ fún un. Rodiat gbé fìlà, ó fi dé e lórí bí ẹni dé ọmọdé ní fìlà.

“Ẹ máa dé e. Kò tún lè bo nǹkan kan mọ́ lójú mi.”

Láti ọjọ́ náà, kò wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Lukman yọ ibẹ̀ kúrò nínú fíìmù, àmọ́ ẹyin lohùn; èyí tó ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn kò ṣe é kó.

Rodiat fi fóònù ara rẹ̀ pe Edith. Ó sọ fún un ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ, ti àwọn méjèèjì ni.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún yìgì kọjá, wọn ò so ó. Aṣọ náà ṣì wà lórí ìkọ́. Mẹ̀dínátù ń rìn káàkiri ilé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Mo rò pé mò ń fi aṣọ bò ó ni.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Abdulfatah wá. Kò wọlé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Rodiat, kò kanlẹ̀kùn. Rodiat ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó pẹ́ kó tó jáde.

“Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe,” ni Abdulfatah wí. “Màmá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ. Mi ò sì wá ṣèlérí kankan. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Lẹ́nu tìẹ, kì í ṣe lẹ́nu òyìnbó tó ń fò.”

Rodiat jókòó tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abdulfatah kò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ọ̀kadà.

Abdulfatah ti wá bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọjà márùn-ún báyìí. Èmi náà kò mọ bó ṣe máa yọrí, n kò sì ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a ti mọ̀ báyìí, tí a kò mọ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Fíìmù ní kéèyàn má dá gbé e, òótọ́ ni. Àmọ́ ìtùnú tí Rodiat rí lọ́dọ̀ Lukman kò sọ Lukman di ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè ìwádìí wa láti ayébáyé kò sì ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ìdáhùn “kò sí” kò lè gbà wọ́n là.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ní òkùnkùn ọ̀sán tiyín, ẹ má dúró de ìwádìí. Ẹ mú ẹnì kan, ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ pa fóònù, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ò ní láti sọ gbogbo rẹ̀ lónìí. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nísinsìnyí, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ní ohùn ara yín:

“Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi.”